Wọ́n ní ara mi ti yá, kí ló dé tí inú mi ò dùn?

Olóhùn_Iyọ̀:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Ọmọ ọdún 22 ni mí. Ọdún tó kọjá ni depression, ìyẹn àìsàn ìsoríkọ́, dá mi wólẹ̀ ní yunifásítì, mi ò róorun sùn, oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun, tí fóònù bá ti dún báyìí àyà mi á bẹ̀rẹ̀ sí í já, mo kúkú padà sílé. Wọ́n kọ́kọ́ gbé mi lọ sórí òkè lọ gbààwẹ̀ ọjọ́ 7, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló fárígá pé àfi ká lọ rí dókítà. Oṣù 7 rèé tí mo ti ń lo fluoxetine, oògùn depression, mo sì ń rí ẹni tó ń bá mi sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ méjì méjì. Ní báyìí mò ń sùn, mò ń jẹun, àyà mi ò já mọ́. Gbogbo èèyàn ń sọ pé "a dúpẹ́, ara ẹ ti yá", èmi náà á ṣe àmín, àmọ́ inú mi lọ́hùn-ún dà bí ilé tí wọ́n gbá mọ́ tónítóní tí ò sẹ́nì kankan ńbẹ̀. Mi ò sunkún, mi ò sì rẹ́rìn-ín. Orin tí mo fẹ́ràn bí ẹyinjú, mi ò tíì dé ẹgbẹ́ akọrin látìgbà náà, kò wù mí. Ṣé bó ṣe máa wà nìyí? Mo ń rò ó pé kí n dá oògùn yẹn dúró, bóyá òun ló pa gbogbo ẹ̀ kú.

Ọmọ_Ẹ̀gbá:
Àbúrò, mo bẹ̀ ẹ́, má dá a dúró fúnra ẹ. Sertraline, oògùn depression míì, ni tèmi, ọjọ́ tí mo rí i pé mo ti lè dé ọjà láìlàágùn ni mo gbé e jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò ju ọjọ́ 3 lọ tí òòyì ti ń kọ́ mi, bíi pé iná NẸ́PÀ ń gbé mi nínú orí, oorun lọ, nígbà tó máa fi pé oṣù 2 mo ti padà síbi tí mo ti ń bọ̀. Ohun tó o sọ yẹn náà sì ṣe mí. Mo rò pé tí àìsàn bá ti lọ, ìdùnnú á kàn wọlé fúnra ẹ̀ ni. Kì í rí bẹ́ẹ̀ o, ara yá lọ́tọ̀, ara yá gágá lọ́tọ̀.

Nọ́ọ̀sì_Aláàánú:
Ẹ̀ka àìsàn ọpọlọ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Lóòótọ́, irú oògùn yìí lè mú kí ọkàn àwọn kan dà bí èyí tí wọ́n daṣọ bò, torí náà sọ fún dókítà ẹ bó o ṣe sọ ọ́ fún wa gẹ́lẹ́, má fi "mo ti gbádùn" bò ó mọ́lẹ̀. Wọ́n lè dín in kù díẹ̀díẹ̀ tàbí kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀. Ohun tí WHO, Àjọ Ìlera Àgbáyé, ń dámọ̀ràn ni pé kéèyàn ṣì máa lò ó fún ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn tára bá ti yá, torí àìsàn náà máa ń fẹ́ padà wá. Ó sì lè máà jẹ́ oògùn rárá, ìdùnnú sábà máa ń pẹ́ dé ju oorun àti oúnjẹ lọ. Má dúró kó wù ẹ́ kó o tó lọ síbi orin. Kọ́kọ́ lọ jókòó ná, ìfẹ́ ẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn. Ṣé ẹ rántí Aro, ọsibítù àìsàn ọpọlọ l'Ábẹ́òkúta, láyé Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo, dókítà ọpọlọ, láti 1954? Inú abúlé làwọn aláìsàn ń gbé pẹ̀lú mọ̀lẹ́bí wọn kan, láàrin àwọn ará abúlé, wọ́n á sì máa wá gbàtọ́jú ní ọsibítù, wọn ò ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Àárín èèyàn yẹn wà lára oògùn.

Màmá_Ìbejì:
Ọmọ mi, ó ṣẹlẹ̀ sí ọmọkùnrin tèmi náà. Gbogbo ìgbà ni mò ń sọ fún un pé "ṣọpẹ́ jàre, ibi tó o ti ń bọ̀ kọ́ nìyí", mi ò mọ̀ pé ńṣe ni mò ń pa á lẹ́nu mọ́. Á rẹ́rìn-ín fún mi ní pálọ̀, á wá wọ yàrá lọ nà gbalaja. Ìgbà tí mo dákẹ́, tí mo ní kó wá bá mi ṣa ẹ̀wà, ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ tinú ẹ̀. Ó dùn mí títí dòní.

Olóhùn_Iyọ̀:
Ẹ ṣé gan-an, ọ̀sẹ̀ kan rèé. Mo ka ohun tí mo kọ síbí fún dókítà látorí fóònù, ó ní kí n ṣì máa lo oògùn náà, a jọ máa wò ó lóṣù tó ń bọ̀ bóyá ká dín in kù. Mo sì lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́rin ní Sátidé. Ẹ̀yìn ni mo jókòó sí, mi ò yanu. Àwọn áàltò, àwọn obìnrin tó ń kọ ohùn ìsàlẹ̀, wá ń kọ ìlà tèmi, wọ́n ń ṣì í kọ, wọ́n tún un mú lẹ́ẹ̀mẹta wọ́n ṣì ń ṣì í, inú bí mi débi pé mo dìde. Ó ti lé lọ́dún kan tí inú ti bí mi gbẹ̀yìn.