Mo ti pè ọ́ ní orúkọ rẹ: ìrírí àwa tí a ti rò rí pé a kò já mọ́ nǹkan kan

Aránṣọ, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

Mo kí gbogbo yín ní orúkọ Jésù Olúwa. Wọ́n ní kí ẹni tí Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run bá ti gbé dìde rí, ní àkókò tí kò ka ara rẹ̀ sí ènìyàn, wá sọ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ sí òun. Mo ti ka ìrírí àwọn ẹlòmíràn, mo sì rí i pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ni ó parí sí ilé tuntun, ọkọ̀ tuntun tàbí ìrìn-àjò sí òkè òkun. Tèmi kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé tí mo ń gbé tẹ́lẹ̀ náà ni mo ṣì ń gbé, ẹ̀rọ ìránṣọ tí mo ń wà tẹ́lẹ̀ náà ni mo ṣì ń wà. Bí èdè mi bá sì dà bí èdè inú Bíbélì, ẹ má bínú, níbẹ̀ ni mo ti kọ́ ìwé kíkà.

Àwa márùn-ún ni ìyá wa bí, èmi sì ni ẹ̀kẹrin. Àwọn mẹ́rin yòókù kàwé débi tí ó ga. Ní ti èmi, àwọn lẹ́tà kì í dúró sí ojú kan níwájú mi. Bí mo bá mú ọ̀kan, èkejì á ti sá lọ. Ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, bí olùkọ́ bá ti ní kí n dìde kàwé, àwọn ọmọ kíláàsì mi á ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ lábẹ́ tábìlì pé, “Olódo rábátá, ojú ẹja ló mọ̀ ọ́n jẹ.” Ẹni tí kì í bá ṣe ọmọ Èkìtì lè má mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ti wúwo tó. Ní ọ̀dọ̀ wa, ènìyàn lè jẹ iṣu láìfi epo sí i fún odidi ọdún kan kí owó kòkó lè di owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ. Nítorí náà, ọmọ tí ìwé kò bá yé dà bí oko tí a dá tí kò so. Nígbà tí mo parí ìwé mẹ́fà láìlè ka gbólóhùn kan já, bàbá mi mú mi lọ sí ọ̀dọ̀ aránṣọ kan. Kò bá mi wí rárá. Ó kàn dákẹ́ ni, ìdákẹ́jẹ́ yẹn sì bá mi gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Iṣẹ́ náà mọ́ mi lọ́wọ́. Mo mọ nọ́ńbà, mo lè fi téèpù wọn ènìyàn kí n sì kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n èmi kò lè kọ orúkọ oníbàárà. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo ń ya àwòrán sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà náà: ẹja fún ẹni tí ń ta ẹja, ìkòkò fún ẹni tí ń ta ìkòkò, igi kan fún ìyá kan tí ó ga ju gbogbo ènìyàn lọ. Ogún ọdún ó lé ni mo fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Nínú ìjọ, mo ti kọ́ gbogbo orin sórí. Ìwé orin wà lọ́wọ́ mi, mo sì máa ń ṣí ojú ewé nígbà tí ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bá ṣí tirẹ̀. Bí àwọn ẹbí bá sì péjọ ní Kérésì, ẹ̀gbọ́n mi àgbà ni ó máa ń fi wá han àlejò. Á ní, “Èmi ni ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹnjiníà nìyí, nọ́ọ̀sì wa nìyí, àbíkẹ́yìn wa nìyí, òun náà ti di lọ́yà.” Á wá tọ́ka sí mi: “Èyí ni ó wà nílé pẹ̀lú Màmá.” Kò ní ìkà nínú. Ó kàn jẹ́ pé gbogbo àwọn yòókù ní orúkọ, èmi ni “èyí”.

Ojú Màmá ni ó fa ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ìyá wa mọ Yorùbá kà dáadáa, ìjọ ni ó kọ́ ọ nígbà èwe rẹ̀, kì í sì í jí láìka Orin Dáfídì. Nígbà tí ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, tí kò rí òkè Olósùnta mọ́ láti ẹ̀yìnkùlé wa, ó na Bíbélì sí mi ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó ní kí n ka orí 121 fún òun. Mo gba ìwé náà, mo dì í mú, ẹnu mi kò sì ṣí. Mo jáde lọ pe ọmọ aládùúgbò, ọmọdébìnrin kan tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá, ó wá, ó sì kà á geerege: “Èmi ó gbé ojú mi sókè sí orí òkè wọ̀n-ọn-nì.” Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà bí àlejò títí ó fi parí rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì ni mo lọ bá ìyá kan tí ń kọ́ àwọn àgbà ní ìwé kíkà nínú ìjọ wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́rú. Àwa mẹ́fà ni a wà níbẹ̀, èmi ni ó kéré jù lọ. Bíbélì àtijọ́ ni a fi ń kọ́, èyí tí ó kọ “enia” àti “nwọn”, tí kò sì fi àmì sórí ọ̀rọ̀ púpọ̀, nítorí náà a ní láti mọ ìtàn kí a tó lè mọ bí a ó ti pe ọ̀rọ̀. Fún mi, ìyẹn dára, nítorí pé mo ti gbọ́ àwọn ìtàn náà tẹ́lẹ̀. Etí mi ń ran ojú mi lọ́wọ́.

Ìgbà tí a dé Lúùkù orí 13 ni nǹkan kan ṣẹlẹ̀ sí mi. Obìnrin kan wà nínú sínágọ́gù tí ó ti tẹ̀ kòlòbà fún ọdún méjìdínlógún, tí kò lè gbé ara rẹ̀ sókè rárá. Mo mọ obìnrin yẹn. Ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá tẹ̀, a kì í rán aṣọ fún un bí a ti ń rán ti ẹlòmíràn. Bí ẹ bá gé iwájú àti ẹ̀yìn ní ọgbọọgba, iwájú á máa wọ́lẹ̀, ẹ̀yìn á sì sún sókè títí yóò fi hàn lẹ́sẹ̀. Mo ti kúnlẹ̀ fi téèpù wọn irú ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀, mo sì mọ̀ pé ilẹ̀ nìkan ni ojú wọn ń rí. Mo fi ìka tẹ̀lé ọ̀rọ̀ náà, mo sì rí i pé obìnrin náà kò bẹ̀bẹ̀, kò ké, kò fọwọ́ kan etí aṣọ ẹnikẹ́ni. Jésù ni ó rí i, òun ni ó pè é sọ́dọ̀. Nígbà tí olórí sínágọ́gù sì ń bínú, ó pe obìnrin náà ní ọmọbìnrin Ábúráhámù lójú gbogbo wọn. Lúùkù kò sọ orúkọ rẹ̀ fún wa, ṣùgbọ́n Jésù sọ ilé tí ó ti wá. Mo padà ka ibẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ní alẹ́ ọjọ́ náà, pẹ̀lú iná fóònù, nítorí pé wọ́n ti mú iná lọ.

Lẹ́yìn èyí ni olùkọ́ wa fi Àìsáyà orí 43 hàn wá: “Má bẹ̀rù: nítorí mo ti rà ọ́ padà, mo ti pè ọ́ ní orúkọ rẹ, ti èmi ni ìwọ.” Ó bi wá bóyá a mọ ẹni tí ó jẹ́ aṣáájú nínú títú Bíbélì yìí sí Yorùbá. Ó ní Àjàyí Crowther ni, ẹni tí àwọn akónilẹ́rú mú ní Òṣogùn ní 1821, tí wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin kan, tí wọ́n sì tún tà fún tábà àti ọtí kí ọkọ̀ ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á sílẹ̀ ní 1822. Òun àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ṣe iṣẹ́ náà títí odidi Bíbélì fi jáde ní 1884. Mo ronú sí i gidigidi. Ẹni tí wọ́n ti fi ẹṣin díwọ̀n iye rẹ̀ rí ni ó ṣe aṣáájú iṣẹ́ tí ó mú “mo ti rà ọ́ padà” dé ọ̀dọ̀ wa ní èdè tí mo gbọ́.

Ọjọ́ kejì, mo ṣí ìwé oníbàárà mi. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni tí mo ti fi ẹja ṣe àmì rẹ̀. Lẹ́tà méje ni orúkọ rẹ̀, mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó gún. Nígbà tí ó wá gba aṣọ rẹ̀ tí ó rí orúkọ náà, kò sọ̀rọ̀ kankan nípa rẹ̀. Kí ni ì bá tilẹ̀ sọ? Òun rò pé ibẹ̀ ni ó ti wà láti ọjọ́ yìí wá.

Èmi ni mo ń ka Orin Dáfídì fún Màmá báyìí. Bí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ kan pè, á ní, “Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni ó wà níbẹ̀,” á sì pè é fún mi láti orí rẹ̀.

Olùkọ́ àfẹ̀yìntì, Ìkọ̀lé-Èkìtì

Ẹ ṣeun, ìyá wa aránṣọ. Ọ̀rọ̀ yín bá mi níbi tí èmi kò retí, nítorí pé ìwé tí ó tẹ̀ yín mọ́lẹ̀ ni ó gbé èmi gun orí àga. Láti 1933 tí Dallimore, àlùfáà òyìnbó kan, ti bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ tí a mọ̀ sí Christ’s School ní Adó ni ìwé ti di adé lórí àwa Èkìtì, èmi náà sì dé adé náà fún ọdún márùndínlógójì. “Ọ̀gá” ni gbogbo ènìyàn ń pè mí. Kò pé oṣù mẹ́ta tí mo fẹ̀yìn tì tí fóònù mi dákẹ́. Níbi ìsìnkú kan, wọ́n fi mí jókòó sí ẹ̀yìn ọmọ tí mo ti nà ní kíláàsì rí, ó sì dùn mí dé egungun. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé èmi kò mọ ẹni tí mo jẹ́ bí a bá ti yọ “Ọ̀gá” kúrò.

Ibi tí ó là mí lójú ni Fílípì orí 3. Pọ́ọ̀lù to àwọn ohun ìyangàn rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ bí ẹni ń kọ̀wé béèrè iṣẹ́: a kọ ọ́ ní ilà ní ọjọ́ kẹjọ, ẹ̀yà Bẹ́ńjámínì, Hébérù láti inú Hébérù, Farisí ní ti òfin. Ó wá kà wọ́n sí ìgbẹ́ kí ó lè jèrè Kírísítì. Mo ti fi ibẹ̀ wàásù fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rí láìmọ̀ pé èmi ni ó ń bá wí. Èmi kò sọ pé ìwé kò níye o. Ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ ní Ìkọ̀lé, a ó mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Mo sì fẹ́ bi yín: ǹjẹ́ ẹ̀gbọ́n yín ṣì ń pè yín ní “èyí”?

Ọlọ́kadà tẹ́lẹ̀, Ọmùò-Èkìtì

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un. Ọdún kẹfà rèé tí wọ́n ti gé ẹsẹ̀ mi ọ̀tún lẹ́yìn tí ọkọ̀ agbépo kan kọlù mí. Ohun tí ó dùn mí ju ọ̀bẹ lọ ni àwọn ará ìjọ kan tí wọ́n wá gbàdúrà, tí wọ́n sì sọ nígbà tí wọ́n ń lọ pé bí ìgbàgbọ́ mi bá tó ni, kò ní rí báyìí. Mo ṣíwọ́ lílọ sí ìsìn fún ìgbà pípẹ́.

Ìtàn Mefibóṣẹ́tì, ọmọ-ọmọ Sọ́ọ̀lù ọba, ni ó mú mi padà, ní Sámúẹ́lì kejì. Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà tí olùtọ́jú rẹ̀ gbé e sá, tí ó ṣubú, tí ó sì yarọ. Nígbà tí Dáfídì ránṣẹ́ pè é láti Lódébárì, òkú ajá ni ó pe ara rẹ̀. Ọba dá gbogbo ilẹ̀ Sọ́ọ̀lù padà fún un, ó sì fún un ní àyè nídìí tábìlì rẹ̀ títí lọ. Àwọn oníwàásù máa ń sọ pé bí ó bá ti jókòó, tábìlì á bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Èmi kò fẹ́ràn àlàyé yẹn, nítorí pé Bíbélì fúnra rẹ̀ kò bò ó. Ẹ lọ wo bí orí 9 ti parí: ó ń jẹun nígbà gbogbo nídìí tábìlì ọba, ó sì yarọ ní ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn nìyẹn. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kéré, kò sì sí ẹni tí ó ní kí ó dúró títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi san kí ó tó wá jẹun. Mo ti padà sí ìsìn báyìí. Iwájú ni mo máa ń jókòó sí, mo sì máa ń fi ọ̀pá mi ti àga níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí i.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n-Alààyè

Kúkúrú ni tèmi. Ní ìlú wa ni ibojì Ayọ̀ Babalọlá, wòlíì ìjọ Àpọ́sítélì ti Kristi (CAC), wà, àwọn ènìyàn sì ń wá síbẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ohun tí ìyá mi àgbà fi máa ń tù mí nínú nígbà tí mo kùnà ìdánwò ìwé mẹ́wàá ni pé iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ni Babalọlá ti kọ́ rí, pé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà ni ó ń wà nígbà tí Ọlọ́run pè é ní 1928. Kò gba ìwé ẹ̀rí kankan lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó pè é. Mo tún ìdánwò náà ṣe, mo tún kùnà. Èmi kò tíì mọ ohun tí n ó ṣe, ṣùgbọ́n èmi kì í sá fún ènìyàn mọ́.

Aránṣọ, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

Ọ̀gá wa, mo rí ìbéèrè yín. Bẹ́ẹ̀ ni, ó tún pè mí bẹ́ẹ̀ ní Kérésì tí ó kọjá, ó sì dùn mí díẹ̀. Èmi kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n mo dìde, mo sọ orúkọ mi àti orúkọ iṣẹ́ mi fún àwọn àlejò, mo sì tún jókòó ti Màmá. Ọ̀kan nínú àwọn àlejò náà ní kí n bá òun rán búbá àti ìró. Orúkọ rẹ̀ ti wà nínú ìwé mi, àmọ́ nígbà tí ó rí i, ó ní mo ti fo lẹ́tà kan, a sì jọ tún un kọ.