Bàbá mi ti ṣe ikọ́ ẹ̀gbẹ rí: ǹjẹ́ ó lè yọrí sí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀wọ́, mo nílò ìmọ̀ràn yín. Bàbá mi, tí wọ́n ti lé ní 60 ọdún, lo oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ fún oṣù 6 nígbà kan rí, ara wọn sì yá. Láti ìgbà òjò ni ikọ́ ti tún bẹ̀rẹ̀, òtútù àyà sì ti mú wọn lẹ́ẹ̀mejì ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ kí a tún gba oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ fún wọn, ṣùgbọ́n ẹnìkan sọ pé ikọ́ ẹ̀gbẹ àtijọ́ lè fa jẹjẹrẹ. Ṣé òótọ́ ni? Bàbá mi kò mu sìgá rí.

Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì kan:
Ẹ kú ìtọ́jú bàbá. Òótọ́ wà nínú rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ṣe ikọ́ ẹ̀gbẹ ni kò ní ní jẹjẹrẹ láéláé. Bí bakitéríà bá ba ẹ̀dọ̀fóró jà pẹ́, ojú ibẹ̀ a máa wú, sẹ́ẹ̀lì a máa kú, òmíràn a sì máa pín láti rọ́pò wọn. Nínú pípín léraléra yìí ni àṣìṣe ti lè wọ inú sẹ́ẹ̀lì. Àwọn olùwádìí ti rí i pé ewu náà pọ̀ sí i lára irú àwọn bẹ́ẹ̀, títí kan àwọn tí kò mu sìgá, bí sìgá tilẹ̀ ni olórí ohun tó ń fà á.

Ohun tó kọ mí lóminú jù ni òtútù àyà tó ń padà sí ojú kan náà. Nígbà mìíràn, jẹjẹrẹ ló ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó dí ọ̀nà afẹ́fẹ́, tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ há sẹ́yìn rẹ̀, tí bakitéríà fi ráyè. Oògùn a pa bakitéríà náà, ikọ́ a rọlẹ̀, ohun tó dí ọ̀nà kò sì kúrò.

Ẹ má gba oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ láìyẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wò. Ẹ sọ fún àwọn tó ń ṣe àyẹ̀wò náà pé bàbá ti lo oògùn náà rí, nítorí GeneXpert, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wá kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀, lè rí òkú kòkòrò àtijọ́, kí ó wá dà bíi pé àìsàn náà ti padà.

Ìdáhùn mìíràn:
Bí ó ti rí fún ìyá mi nìyẹn. Òjìji ojú X-ray ni wọ́n wò tí wọ́n fi ní ikọ́ ẹ̀gbẹ ni, oṣù sì ń gorí oṣù kí a tó ṣe CT scan, àwòrán tó ń fi inú ara hàn kedere ju X-ray lọ, kí wọ́n tó gé ẹran díẹ̀ níbẹ̀ fún àyẹ̀wò. Ẹ ní kí dókítà ṣe é fún bàbá.

Olùbéèrè:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Bàbá mi tún ẹ̀rọ tó ń lo dísù (diesel) ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣé ó yẹ kí n sọ ìyẹn náà?

Nọ́ọ̀sì:
Ó yẹ gan-an. Láti 2012 ni àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ ti ka èéfín dísù mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ. Bí X-ray àtijọ́ bá sì wà nílé, ẹ mú un dání, kí dókítà lè mọ èyí tó jẹ́ àpá àtijọ́ yàtọ̀ sí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ.