Áàpù wo lẹ fi ń ṣètò ìrìnàjò bàálù yín?

Ìjẹ̀búGidi: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ìjẹ̀bú-Òde ni mò ń gbé, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba PPL (láísẹ́ńsì awakọ̀ bàálù aládàáni) ni, bàálù kékeré Cessna 172 ni mo fi kọ́ṣẹ́. Gbogbo ẹni tí mo bi, ForeFlight ForeFlight ni wọ́n ń pariwo, bẹ́ẹ̀ Android lèmi ń lò, wọ́n ní àfi kí n lọ ra iPad, mo wo iye tí wọ́n ń tà á mo rọra gbé fóònù mi sílẹ̀. Kí lẹ̀yin ń lò gan-an? Ṣé kò sí ọ̀fẹ́ ni?

BàbáÌpẹru: Kú oríire láísẹ́ńsì o àbúrò. Òótọ́ ni, ForeFlight kì í ṣiṣẹ́ lórí Android. Garmin Pilot ń ṣiṣẹ́ lórí méjèèjì. Avare ni ọ̀fẹ́ tó o ń wá, àmọ́ máàpù Amẹ́ríkà ló wà níbẹ̀, SkyDemon náà, ilẹ̀ Yúróòpù ló mọ̀ jù. Torí náà kó o tó sanwó fún ẹnikẹ́ni, kọ́kọ́ tọ́ ọ wò: tẹ lẹ́tà tí wọ́n fi ń dá pápá bàálù mọ̀, DNMM ti Èkó, DNIB ti Ìbàdàn, DNIL ti Ìlọrin, kó o wá wá pápá bàálù tuntun tiwa yìí tó wà láàárín Ìpẹru àti Ìlíṣàn. Èmi ti sanwó ọdún kan gbáko fún ọ̀kan rí (mi ò ní dárúkọ ẹ̀), mo ṣí i, ilẹ̀ aláwọ̀ ewé lásán ni mo rí, gbogbo Rẹ́mọ ti di oko.

Àdùkẹ́Ṣágámù: Hahaha, oko kẹ̀! Àbúrò mi, tó o bá padà ra iPad, má ra oní-Wi-Fi nìkan o, kò ní GPS nínú, èyí tó ń gba síìmù ni kó o rà kódà tó ò bá ní fi síìmù sí i. Ilé ni kó o sì ti da máàpù sílẹ̀ sórí ẹ̀, má retí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lókè. Ewu oòrùn náà tún wà ńbẹ̀. Èmi gbé tèmi síbi gíláàsì iwájú lọ́sàn-án, a ò tíì lò tó 15 mínìítì lókè tó fi kọ ọ́ sí mi lójú pé ara òun gbóná, ló bá kú fin-ín. Pépà tí mo dè mọ́ itan ni mo fi délé.

Ìjẹ̀búGidi: Yéè! Ẹ ṣé gan-an àǹtí mi. Ẹ̀gbọ́n, ìṣirò epo ńkọ́? Mo fi ọ̀kan wo Ìbàdàn sí Ìlọrin, ó ní 40 mínìítì péré.

BàbáÌpẹru: Ọjọ́ tí atẹ́gùn ò bá fẹ́ nìyẹn. Bíi 70 nautical mile ni, lórí 105 knots (nautical mile 105 ní wákàtí kan) ó jẹ́ 40 mínìítì lóòótọ́. Àsìkò ọyẹ́ ńkọ́? Iwájú ẹ gan-an latẹ́gùn yẹn ti ń bọ̀, tó bá jẹ́ 20 knots, 50 mínìítì ló ń lọ yẹn, epo náà ń lọ ni. Áàpù ò sì mọ bí bàálù tiyín ṣe ń mu epo, iye tó o bá kọ fún un ló máa gbà gbọ́, nítorí náà inú ìwé bàálù yẹn ni kó o ti mú un. Tí METAR (ìròyìn ojú ọjọ́ pápá bàálù) Ìlọrin bá gbé HZ, ìyẹn kùrukùru gbígbẹ, tí ìríran ò pé 5,000 mítà, áàpù ò ní dì ẹ́ lọ́wọ́ mú o, ìwọ lo máa sọ pé o ò lọ mọ́.

Ìjẹ̀búGidi: Ó yé mi sà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wò lórí èyí tó wà lọ́wọ́ mi báyìí. Èkó wà, Ìbàdàn wà, Ìlọrin wà. Rẹ́mọ ṣì jẹ́ oko.