Red tuntun ti SRAM: ẹ̀yin tó ti gùn ún, ṣé owó náà tó bẹ́ẹ̀?

Akin_Woolwich:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Jíà Shimano 105 onípele 11 ni mò ń gùn láti 2017, bíréèkì tó ń fún rímù ló sì wà lára rẹ̀. Ọdún méjì ni mo ti ń fi owó pamọ́. Red AXS, àkójọ jíà àti bíréèkì tí SRAM gbé jáde ní oṣù karùn-ún 2024, ló wù mí, àmọ́ ọ̀rẹ́ mi ní Dura-Ace R9200 ti Shimano ni kí n rà. Gíráàmù ni gbogbo ohun tí mò ń kà ń sọ. Ẹ̀yin tí ọwọ́ yín ti kàn án, kí lẹ kọ́kọ́ kíyè sí? Ìka mi kúrú, àwọn òkè Kent ni mo sì máa ń gùn sí. Ṣé férémù mi àtijọ́ lè gbà á?

ÌyáTèmi_SE15:
Àbúrò mi, o kú ìmúra. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rèé tí Red ti wà lára kẹ̀kẹ́ mi. Wọ́n ní ó fi gíráàmù 153 fúyẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Omi ìgò mi ju ìyẹn lọ, jẹ́ ká fi í sílẹ̀. Bíréèkì ni kí o bi mí.

Nọ́ọ̀sì ni mí, ọwọ́ mi kéré. Tí mo bá ṣiṣẹ́ òru mẹ́ta léra, ọrùn ọwọ́ á ti máa dùn mí. Lórí kẹ̀kẹ́ àtijọ́, tí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀ ní Toys Hill, òkè kan ní Kent, àfi kí n tẹ̀ ba, kí n di ìsàlẹ̀ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, torí pé tí mo bá gbọ́wọ́ lé orí rọ́bà tó bo ìdí ọwọ́ bíréèkì lókè, ìka mẹ́ta kì í lè dá a dúró. Ẹ̀rù ibẹ̀ máa ń bà mí lóṣù kọkànlá, nígbà tí ewé tútù bá bo ilẹ̀. Ti Red yìí, wọ́n ti yí ibi tí ọwọ́ bíréèkì so mọ́ padà, kí ìka tó wà lókè lè lágbára. SRAM ní agbára tí wàá lò láti òkè fi ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún dín. Èmi ò wọ̀n ọ́n. Ohun tí mo mọ̀ ni pé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìka kan ṣoṣo, èyí tó tẹ̀ lé àtàǹpàkò, ni mo fi fà á, táyà ẹ̀yìn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ̀, torí agbára àtijọ́ ni mo lò. Nísinsìnyí mo ń sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ láìgbọ̀n.

Jíà ńkọ́? Tí o bá tẹ ti ọwọ́ ọ̀tún, á mú un le, ti òsì á mú un rọ̀. Tí o bá tẹ méjèèjì pọ̀, ṣéènì á fò sórí eyín kejì níwájú. Ó dáa, àmọ́ mo ti gun Dura-Ace, tiẹ̀ yá jù ú lọ níwájú.

Bátìrì Dura-Ace wà nínú férémù, wáyà ló so ó mọ́ iwájú àti ẹ̀yìn. Ti SRAM, iwájú ní tiẹ̀, ẹ̀yìn ní tiẹ̀, irú kan náà sì ni méjèèjì. Ní Sátidé kan mo kúrò ní Westerham, iná pupa ń ṣẹ́jú lára jíà ẹ̀yìn, mi ò kọbi ara sí i. Kò pẹ́ tí jíà ò fi dá mi lóhùn mọ́. Mo dúró lẹ́bàá ògiri ṣọ́ọ̀ṣì kan, mo fi àtàǹpàkò ṣí ìkọ́ kékeré tó di bátìrì mú, mo yọ ti iwájú, mo kì í bọ ẹ̀yìn. Iná àwọ̀ ewé tàn. Bí mo ṣe dé Peckham nìyẹn, jíà iwájú kò kúrò lójú kan.

Ohun tó bí mi nínú ni ṣọ́ọ̀bù tó tò ó. Wọ́n gé páìpù ọ́ìlì bíréèkì ẹ̀yìn kúrú, tí mo bá yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sósì, á fà tan. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dá a padà. Wọ́n tún kán ọ́ìlì DOT sára férémù, ọ̀dà ibẹ̀ sì ti wú.

Sípánà_Manchester:
Kẹ̀kẹ́ ni mò ń tún ṣe, òtítọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ. DOT ni SRAM ń lò fún Red, mineral oil ni ti Shimano. DOT máa ń jẹ ọ̀dà, àmọ́ tí wọ́n bá tètè bu omi fọ̀ ọ́, kò ní ṣe nǹkan kan. Wọn ò fọ̀ ọ́ ni.

Akin, férémù yẹn kò lè gba Red tuntun, bíréèkì onídíìsì (tó ń fún àwo irin àárín wíìlì) nìkan ni. Dura-Ace R9200 ṣì ní èyí tó ń fún rímù. Wo wíìlì rẹ náà: cassette Red (àkójọ eyín jíà ẹ̀yìn) bẹ̀rẹ̀ láti eyín 10, àfi wíìlì tó ní XDR (irú ibi tí cassette ń wọ̀ lára wíìlì), nígbà tí ti Dura-Ace á wọ wíìlì 105 rẹ. Tí o bá máa ra férémù tuntun, kọ́kọ́ gbìyànjú Force ti SRAM tó jáde ní oṣù kẹfà 2025. Ìrísí ọwọ́ bíréèkì Red ni wọ́n gbé wá síbẹ̀. Ó wúwo jù ú lọ, owó rẹ̀ sì kéré.

Akin_Woolwich:
Ẹ ṣeun gan-an. Mi ò tilẹ̀ ronú kan XDR. Màá lọ gbìyànjú Force ní Sátidé.

ÌyáTèmi_SE15:
Mú ìbọ̀wọ́ tí o fi ń gun kẹ̀kẹ́ dání. Sọ fún wọn kí wọ́n fa ọwọ́ bíréèkì náà súnmọ́ ọ kí o tó gùn ún, torí bó ṣe máa ń wà ní ṣọ́ọ̀bù jìnnà sí ìka kúkúrú.