Àwa tí à ń gún ọmọ ọlọ́mọ lábẹ́rẹ́

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi lórí abẹ́rẹ́ àjẹsára fúlù, ìyẹn àìsàn tó jọ ọ̀fìnkìn ṣùgbọ́n tó le jù ú lọ, àmọ́ ẹ má bú mi.

Ilé ìwòsàn alábọ́dé kan ní Àkúrẹ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́rú la máa ń gún àwọn ọmọ lábẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọyẹ́ mú lọ́dún yẹn. Imú mi ń dà, ara mi gbóná, síbẹ̀ mo ń gbé ọmọ ọlọ́sẹ̀ mẹ́fà lé itan. Mo sín lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá ọmọ náà, tó ń ta èlùbọ́ l'Ọ́jà Ọba, yára fi etí ọ̀já bo ọmọ lójú, ó ní, "Àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú o. Ṣé kò sí abẹ́rẹ́ tiyín ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú tì mí.

Ó wà. Àbúrò mi tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní London ti sọ ọ́ fún mi tipẹ́: bí ìgbà òtútù bá ti ń wọlé bọ̀, wọ́n á fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ní ti fúlù lọ́fẹ̀ẹ́. Ọdọọdún ni, torí kòkòrò náà kì í yé para dà. Níbí, kò sí lára èyí tí ìjọba ń fún ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́. Àpò ara ẹni la fi ń rà á. Kí n má parọ́, owó kọ́ ló dá mi dúró. "Ọ̀fìnkìn lásán" ni gbogbo wa ń pè é. Ata rodo, agbo, ó parí. Bẹ́ẹ̀ àwa yìí náà la máa ń kígbe pé ìbà Lassa kò ní abẹ́rẹ́. Èyí tó ní ńkọ́?

Itan tí mo gbé ọmọ yẹn lé ni kò jẹ́ kí n sùn. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, wọn kì í gún un ní ti fúlù. Àwa tí à ń gbé e ló yẹ ká gbà á nítorí rẹ̀.

Mo rà á ní kẹ́míìsì. Apá dùn mí fún ọjọ́ méjì. Mátírọ́ọ̀nù ní mo ti dòyìnbó. Kò pé oṣù kan, mo tún ń sín. Ẹ wá wo yẹ̀yẹ́! "Abẹ́rẹ́ ẹ dà?" Mo ṣàlàyé títí pé kì í ṣe gbogbo ọ̀fìnkìn ni fúlù, pé kò sí kòkòrò alààyè nínú abẹ́rẹ́ náà tó lè kó fúlù ràn mí. Àwọn tó ń ṣàlàyé BCG, abẹ́rẹ́ ikọ́ ife, fún ìyá ọmọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mò ń bá wí o!

Lọ́jọ́ kejì, ẹnì kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bi mí pé èló ni mo rà á. Kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Ẹni tó ń kọ káàdì ni.