Ṣé skáànù léraléra lè ba ẹyin obìnrin jẹ́?

Ìyàwó Àkànní: Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ọdún kẹta rèé tí èmi àti ọkọ mi ti ń retí ọmọ, dókítà sì ń fi skáànù tí wọ́n ń gba ojú ara ṣe ṣọ́ bí ẹyin mi ṣe ń dàgbà. Wọ́n ṣe é lọ́jọ́ kejì nǹkan oṣù mi, wọ́n tún ṣe é lọ́jọ́ kẹwàá, ìkejìlá àti ìkẹrìnlá. Màmá ọkọ mi wá ní ẹ̀rọ náà yóò se ẹyin inú mi bí ẹni se ẹyin adìẹ, n kò sì róorun sùn lánàá. Ṣé òótọ́ ni?

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ẹ má fòyà, ìyàwó wa. Ìró tí etí ènìyàn kò lè gbọ́ ni skáànù ń lò, kì í ṣe ìtànṣán bíi ti X-ray. Lóòótọ́, ìró náà lè mú ara móoru díẹ̀ bó bá pẹ́ lójú kan, ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà kan tí wọ́n kọ TI sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fi máa ń hàn lójú ẹ̀rọ, kí ẹni tó ń ṣe é lè máa ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n tiyín kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ: wọ́n kàn ń wọn àpò omi tí ẹyin wà nínú rẹ̀ títí yóò fi tó nǹkan bíi mìlímítà 18 sí 20 ni. Skáànù yìí kan náà ni wọ́n fi ń darí abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń fa ẹyin jáde fún IVF, ìyẹn pípo ẹyin àti àtọ̀ pọ̀ níta ara, ọmọ tí wọ́n sì ti fi ọ̀nà yẹn bí ti di ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù.

Bàbá Ìbejì: Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀rọ ìró tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹ̀yìn ríro ni Màmá gbọ́ nípa rẹ̀. Ìyẹn ń mú ẹran ara gbóná, torí ohun tí wọ́n ń fẹ́ kó ṣe nìyẹn, wọn kì í sì í gbé e sí ikùn aboyún. Ọjọ́ orí àti sìgá ló ń jẹ ẹyin obìnrin run. Ẹ jọ̀ọ́, skáànù mẹ́rin fún yín, ṣé wọ́n ti yẹ àtọ̀ ọkọ yín wò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo?

Ìyàwó Àkànní: Ẹ ṣé gan-an. N ó wo nọ́ńbà TI yẹn nígbà mìíràn. Wọn kò tíì yẹ ọkọ mi wò o. Ìyá rẹ̀ ni n ó kọ́kọ́ bá sọ ọ́.