Báwo ni a ṣe ń rí ohun tó kan ẹni nínú ìwé inú páálí oògùn?

Olùtọ́jú Màmá:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá màmá mi fínra, ọgbẹ́ inú sì ti yọ wọ́n lẹ́nu rí. Ibà mú wọn lọ́sẹ̀ yìí, wọ́n sì fún wa ní oògùn tó ní artemether àti lumefantrine nínú. Nígbà tí ara ń ro wọ́n, aládùúgbò kan gbé ibuprofen wá. Mo ka ìwé inú páálí méjèèjì láti òkè délẹ̀, síbẹ̀ n kò mọ èyí tó jẹ́ ti màmá mi gan-an nínú rẹ̀. Báwo ni ẹ̀yin ṣe ń kà á?

Apòògùn:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run yóò fún màmá ní àlàáfíà. Kí ẹ tó ṣí ìwé náà, ẹ kọ ọjọ́ orí wọn, ìwọ̀n ara wọn, àìsàn tó wà lára wọn tẹ́lẹ̀ àti gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò lọ́wọ́ sílẹ̀. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ni kí ẹ máa wá. Ìwọ̀n ara ni wọ́n fi ń pín oògùn ibà yìí: bó bá jẹ́ 20/120 (mílígíráàmù 20 artemether àti 120 lumefantrine nínú hóró kan), ẹni tó tó kílò 35 ń lo hóró 4 lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọjọ́ 3. Ẹ fo ìlà àwọn ọmọdé. Nínú ti ibuprofen, ibi tí wọ́n ti dárúkọ àwọn tí kò gbọ́dọ̀ lò ó ni kí ẹ lọ tààrà. Ẹ ó bá ọgbẹ́ inú níbẹ̀, ẹ ó sì bá ẹ̀jẹ̀ ríru lábẹ́ ìkìlọ̀, nítorí ó lè mú ìfúnpá ga, ó sì lè dín agbára oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fún wọn lò. Ẹ bi dókítà wọn ní èyí tó yẹ.

Ìyá Ìbejì:
Òótọ́ ni Apòògùn sọ, àmọ́ ẹni tó bá ń wá kìkì ohun tó ti mọ̀ lè fo ohun tí kò mọ̀ pé ó kan òun. Ta ni yóò ronú láti wá ọ̀rọ̀ oúnjẹ nínú ìwé oògùn ibà? Ó sì wà níbẹ̀ pé kí a lò ó pẹ̀lú oúnjẹ tó lọ́ràá tàbí mílíìkì, nítorí ara kì í gba lumefantrine dáadáa bí inú bá ṣófo, àti pé bí aláìsàn bá bì í láàárín wákàtí kan, kí ó tún un lò. Nítorí náà, bí mo bá ti rí tèmi tán, mo máa ń ka ibi tí wọ́n ti sọ bí a ṣe ń lò ó láìfo ọ̀rọ̀ kan.

Olùtọ́jú Màmá:
Ẹ ṣeun gidigidi. Mo ti gbé ibuprofen kúrò nílẹ̀. Mo tún rí i pé wákàtí 8 ló gbọ́dọ̀ wà láàárín ìlò kìíní àti èkejì oògùn ibà náà, èyí tí ojú mi fò tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní kí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ní àìsàn sọ fún dókítà. Ṣé ó kan màmá náà?

Apòògùn:
Ẹ sọ ọ́ fún dókítà lónìí, kí ẹ sì mú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn dání lọ.